Ẹni Tó Ń Fọ Ẹ̀rọ Ló Yẹ Kí Kọ́kọ́rọ́ Wà Lápò Rẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2023 ni. Nílùú Hattiesburg, ní ìpínlẹ̀ Mississippi lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin ẹni ọdún 16 kan wọṣẹ́ níléeṣẹ́ tó ń pa adìẹ tà, Mar-Jac Poultry lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Guatemala ni. Kì í ṣe òun ló ń pa adìẹ, kì í ṣe òun ló ń gé e. Ara àwọn tó ń fọ ẹ̀rọ ló wà: àwọn tó máa ń wọlé nígbà tí àwọn tó ń gé ẹran bá ti ṣíwọ́, tí wọ́n á fi omi gbígbóná àti oògùn líle ṣan ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá àti èérún ẹran kúrò lára irin kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Apá ibi tí wọ́n ti ń yọ eegun kúrò nínú ẹran ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ń fọ ẹ̀rọ kan lọ́wọ́, ẹ̀rọ náà kò sì tíì kú tán. Ọ̀pá irin kan ṣì ń yí nínú rẹ̀, pẹ̀lú eyín irin tó ń wa ṣéènì. Ó gbá ọmọ náà mú, ó fà á wọlé, ọmọ náà sì kú.

Nínú oṣù Kìíní ọdún 2024 ni OSHA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti lóye. Wọn kò yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára iná kí ọmọ náà tó sún mọ́ ọn, wọn kò sì tì í pa kí ó má bàa lè yí. Àjọ náà dábàá owó ìtanràn dọ́là 212,646 fún iléeṣẹ́ náà. Èyí tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Lọ́dún 2021, nínú iléeṣẹ́ yìí kan náà, ẹ̀rọ gbá apá ẹ̀wù òṣìṣẹ́ kan mú, ó fà á wọlé, ó sì pa á. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n ní láti fi kọ́gbọ́n.

Iléeṣẹ́ náà ní àwọn kò mọ̀ pé ọmọdé ni. Wọ́n ní alágbàtà tó ń bá àwọn wá òṣìṣẹ́ ló mú un wá, ìwé tó mú dání sì fi hàn pé àgbàlagbà ni. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, fífọ̀ rẹ̀ pàápàá wà lára ohun tí òfin kà léèwọ̀. Lóòótọ́ ni ìwé lè purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ ń wọ bàtà rọ́bà, tí wọ́n jọ ń fa ọ̀pá omi, rí ojú ọmọ náà. Àwọn àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun sì wọ́.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí bo ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ká ní ọmọ náà ti pé ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀rọ yẹn ì bá pa á bákan náà. Òṣìṣẹ́ tó kú lọ́dún 2021 kò kú nítorí ọjọ́ orí. Ẹ̀rọ tó ń yí ló pa àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí Hattiesburg. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Iléeṣẹ́ Ètò Iṣẹ́ Amẹ́ríkà kéde pé iléeṣẹ́ kan tó ń gba kọ́ńtíráàtì fífọ ibi ìpẹran, PSSI, ti gba ọmọdé 102 síṣẹ́ òru. Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 17 ni wọ́n, wọ́n sì wà ní ibi ìpẹran 13 káàkiri ìpínlẹ̀ 8. Ayùn tí wọ́n fi ń la ẹ̀yìn màlúù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la orí rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń fọ̀. Ó kéré tán, mẹ́ta nínú wọn fara pa. Ní Grand Island, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ilé ẹ̀kọ́ ló rí ọgbẹ́ tí oògùn tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ jó sára ọmọ, tí wọ́n fi béèrè ohun tó ń ṣe lóru. PSSI san owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù dọ́là kan àtààbọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún mú iléeṣẹ́ mìíràn tó ń fọ ẹ̀rọ, Fayette, fún ọmọdé 24, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ọdún 14 tí ẹ̀rọ ba apá rẹ̀ jẹ́ nígbà tó ń fọ̀ ọ́ níléeṣẹ́ adìẹ Perdue ní Virginia. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Perdue fúnra rẹ̀ gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 4. Kí àwọn ọ̀gá tó máa ń sọ pé “kọngílá ló gbà wọ́n, kì í ṣe èmi” ní ìlú tiwa náà gbọ́ èyí dáadáa. Inú ọgbà ta ni ẹ̀rọ náà wà? Ta ló ń fi í pawó?

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àsìkò tí wọ́n ń fọ ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ máa ń ṣe ìkà jù? Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án kì í débi tí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ń dé. Irin bo ibi tó léwu lójú, òṣìṣẹ́ ọ̀sán dúró síwájú, ó ń fi nǹkan sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń gbà á lẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ ní láti ṣí ìbòrí yẹn. Inú gan-an ló ń lọ, sáàárín eyín, sábẹ́ bẹ́líìtì, sí kọ̀rọ̀ tí ẹran tàbí ìyẹ̀fun há sí. Ilẹ̀ ń yọ̀ nítorí omi àti ọṣẹ. Ooru omi ń ṣú sójú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fún un kí oògùn má bàa jó o lọ́wọ́ ni eyín ẹ̀rọ kọ́kọ́ máa ń gbá mú. Oorun ń kùn ún. Ọ̀gá sì ti sọ aago tí iṣẹ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Àṣà kan tún wà tó burú ju gbogbo ìyẹn lọ. Tí ẹ̀rọ bá dúró, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ni omi máa ń dé, nítorí náà àwọn kan á ní kí ẹ̀rọ máa yí díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè fọ gbogbo ara rẹ̀ láìsí wàhálà. Ọ̀pọ̀ ìka ló ti lọ báyìí. Ẹ̀rọ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ kò ní àánú ju èyí tó ń sáré lọ. Agbára mọ́tò kan náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tó bá sì ti mú èèyàn lọ́wọ́, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹran adìẹ àti ẹran ara.

Ọ̀nà àbáyọ ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì wọ́n. Lọ́dún 1989 ni OSHA ṣe òfin tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè ní lockout. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ẹ̀rọ, wọ́n á pa á láti ojú bọ́tìnnì rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á lọ síbi tí iná ti ń wọ inú rẹ̀, wọ́n á já a kúrò níbẹ̀, wọ́n á sì fi àgádágodo há súìṣì ńlá tó wà níbẹ̀ mọ́ ipò pípa. Ẹni tó fẹ́ fọ ẹ̀rọ náà ló ni àgádágodo yẹn. Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́, apò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ sì máa wà títí yóò fi jáde. Á so páálí kékeré mọ́ ọn tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ èèyàn mẹ́ta ló fẹ́ wọlé, àgádágodo mẹ́ta ló máa wà níbẹ̀, irin kan tó ní ihò púpọ̀ ló ń gbà wọ́n. Bí méjì bá ti ṣe tán tí ẹnì kẹta ṣì wà nínú, ẹ̀rọ kò lè yí.

Títì nìkan kò sì tó. Agbára a máa fara pamọ́ sínú ẹ̀rọ tí iná ti kúrò lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ sínú páìpù ṣì lè ti apá irin síwájú. Sípíríǹgì tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣì ń dúró de ẹni tó máa tú u. Irin tó wà lókè lè já wálẹ̀, èyí tó ń yí kò sì ní dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ tú sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fi nǹkan dè é. Lẹ́yìn èyí, kí ọwọ́ tó wọ inú ẹ̀rọ, ẹni tó tì í á padà lọ tẹ bọ́tìnnì láti wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ìgbà náà ni yóò tó bẹ̀rẹ̀. OSHA ṣírò rẹ̀ pé títẹ̀lé òfin yìí ń gba ẹ̀mí bí 120 là lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà, ó sì ń dènà ìpalára tó tó 50,000. Àgádágodo lásán ni o.

Nílé wa ńkọ́? Ẹ wo ilé búrẹ́dì, níbi tí irin rìbìtì méjì ti ń yí pàdé ara wọn láti tẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n pò. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ rin ẹ̀gẹ́ fún gàárì, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń lọ ike tó ti gbó, ẹ wo ẹ̀rọ ìlọta tí bẹ́líìtì rẹ̀ wà níta gbangba lẹ́bàá ẹsẹ̀ oníbàárà. Níbi púpọ̀, ìbòrí irin tó bá ẹ̀rọ wá ti di ohun tí wọ́n tú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nítorí pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ Òfin Factories Act ti ilẹ̀ wa, ti ọdún 1987, sọ ọ́ kedere pé apákápá tó bá léwu lára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ìdènà tó dúró ṣinṣin.

Ewu kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ dákẹ́ rò ó. Wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ dúró. Ọ̀gá ní, “Ẹ má jókòó lásán, ẹ fọ ẹ̀rọ kí iná tó dé.” Òṣìṣẹ́ rí i pé ẹ̀rọ ò yí, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n súìṣì ṣì wà ní ipò títàn, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Iná tó lọ kò tọrọ gáfárà, èyí tó ń bọ̀ náà kò ní kan ilẹ̀kùn. Kí àwọn ọmọ àdúgbò tó pariwo “Up NEPA” tán, irin ti yí. Tàbí kí iná ìjọba má tilẹ̀ dé, kí ẹlòmíràn kàn tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, kó yí changeover, láìmọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó yí i kò ní ìkà nínú. Kò sí páálí, kò sí àgádágodo, kò sí ohunkóhun tó sọ fún un pé kó dúró. Ẹ̀rọ tí iná lọ mọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ tí a pa. Ẹ lọ pa á láti orísun iná, ẹ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ibi tí kò bá sí súìṣì tó ṣeé tì, kí wọ́n yọ fíúùsì tàbí wáyà rẹ̀, kí ẹni tó ń fọ ẹ̀rọ mú un dání.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ̀rọ ti gé lọ́wọ́. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kò ṣàjèjì. Ọ̀gá á sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, á sanwó abẹ́rẹ́ àti owó rírán ọgbẹ́. Á fún un lówó oṣù kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, súpáfáísọ̀ á wá bá a nílé pẹ̀lú ìwé títẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa fọwọ́ sí i. Ọ̀gá fẹ́ ṣe yín lóore ni, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ láàárín ara wa.” Ìyà ti jẹ ọkùnrin náà, owó ilé ti tó san, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni, kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ kankan. Ó fọwọ́ òsì tó kù fún un tẹ̀ ẹ́.

Kò yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Láti ọdún 2010 ni Nàìjíríà ti ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní Employees' Compensation Act, àjọ NSITF ló sì ń bójú tó o. Olúkúlùkù agbanisíṣẹ́ ni òfin ní kó máa san ìdá 1 nínú 100 lára àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan lọ́wọ́ NSITF. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́: owó ìwòsàn, owó tí kò rí gbà nítorí ìpalára, títí dórí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Òṣìṣẹ́ kò ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀gá òun ló jẹ̀bi. Kò sì ní láti jẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún níwèé. Òfin náà ka ẹni tí wọ́n gbà lẹ́nu lásán mọ́ òṣìṣẹ́, ó ka òṣìṣẹ́ ojúmọ́, ó ka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ka ọmọ tó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Àdéhùn yòówù tí òṣìṣẹ́ bá ṣe pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ láti yááfì ẹ̀tọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin. Ìwé tí súpáfáísọ̀ gbé wá yẹn, asán ni.

Àkókò ló yẹ kí ẹ ṣọ́. Láàárín ọjọ́ 14 tí ìpalára bá ṣẹlẹ̀, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó iléeṣẹ́ létí. Súpáfáísọ̀, máníjà tàbí ẹni tó ń tọ́jú ọgbẹ́ níléeṣẹ́ lè gbà á. Kò nílò èdè agbẹjọ́rò: orúkọ, ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó fà á, ní èdè tó yé èèyàn. Tí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsọ, ó lè ṣèdíwọ́ fún owó náà, àyàfi tí NSITF bá gbà pé ọ̀gá ti mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí pé ìdájọ́ òdodo bèèrè fún un. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi ọ̀rọ̀ náà tó àjọ létí, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin sì ni tí kò bá ṣe é. Ọdún kan ni òṣìṣẹ́ ní láti kọ ìwé bèèrè owó náà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kó kọ ọjọ́ sí i. Kí ẹ ya fọ́tò ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó dá ìbòrí rẹ̀ padà, nítorí pé ìbòrí a máa yára padà sípò ní ọjọ́ kejì. Ẹ tọ́jú ìwé ilé ìwòsàn, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù àwọn tó wà níbẹ̀ kí ọ̀gá tó gbà wọ́n níyànjú láti gbàgbé.

Ẹni tó bá fẹ́ pe ọ̀gá lẹ́jọ́ nítorí àìbìkítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ẹni tó mọ òfin sọ̀rọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, iléeṣẹ́ ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní OPD, tó ń gba ẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Àwọn èèyàn wa tó ń fọ ẹ̀rọ níléeṣẹ́ oúnjẹ nílùú Ọba náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn: òfin ibẹ̀ tó jáde lọ́dún 1969 fi dandan lé e pé kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò nítorí ìpalára òṣìṣẹ́, ọdún mẹ́ta sì ni òṣìṣẹ́ sábà máa ń ní láti pẹjọ́. Tí ẹ̀rọ bá gé ìka èèyàn níbẹ̀, ọ̀ranyàn ni kí iléeṣẹ́ fi tó ìjọba létí.

Bí ìpalára bá sọ òṣìṣẹ́ di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n máa san fún un. Bó bá kú, tó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 kan náà ni wọ́n máa pín fún wọn, ẹ̀tọ́ ọmọ sì ń lọ títí yóò fi pé ọdún 21 tàbí tí yóò fi parí yunifásítì, èyí tó bá yá jù. Ọ̀pọ̀ opó ni wọ́n ń gbé àpò ìrẹsì àti owó ìsìnkú fún, tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́, tí kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wọn rí. Ẹ sọ fún wọn. Wọ́n ní ọjọ́ 14 tiwọn láti ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ìròyìn ikú, kí wọ́n fi tó iléeṣẹ́ létí, kí wọ́n sì kọ̀wé sí NSITF kí ọdún kan tó pé.